Bí Mo Ṣe Wá Ìdáhùn Àwẹ̀ró Dé Ìlú Ìkérora

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ìgbà tí mo ti jókòó yìí, òótọ́ ni: irọ́ máa ń wà nínú ìtàn ọdẹ. Bí ọdẹ bá pa òkété kan, kí ó tó délé, òkété náà á ti hu ìwo. Kí ó tó jẹun alẹ́ tán, ó ti di ẹfọ̀n. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí mo bá fẹ́ parọ́, ṣé irọ́ tí yóò bọ́ ṣòkòtò nídìí mi ni n ó pa? Òpùrọ́ a máa fi irọ́ ṣe ara rẹ̀ lóge ni. Nítorí náà, ibi tí ìtàn yìí bá ti bu iyì kún mi, ẹ fura. Ibi tó bá ti dójú tì mí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rù pé ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti fura púpọ̀.

Èmi ni Ọdẹ́dìran ti Òkè-Arère. Apẹranmáwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo mìíràn, ẹni náà ti kú. Ìyàwó tí mo fẹ́ gbọ́ ìtàn mi títí, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Ìsinmi náà kò tíì tán. Bí mo ṣe ń dá gbé nìyẹn, títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi obìnrin, Àwẹ̀ró, padà wá sí agbo ilé wa.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkọ Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ti oko bọ̀. Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ lọ pàdé wọn ní èbúté. Ojú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe dojú dé. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igbá oúnjẹ lórí, ó ń wò wọ́n, omi sì kó gbogbo wọn lọ lọ́sàn-án gangan.

Àwọn aládùúgbò wá bá a kẹ́dùn. Ẹ kúkú mọ bí a ti ń kẹ́dùn nílẹ̀ wa. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Àwẹ̀ró, ṣe ọkàn gírí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Obìnrin tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé rẹ̀ lọ ló ń sọ ọ́ fún. Ẹnì kejì rí i pé ẹni àkọ́kọ́ ti ṣì í sọ, ó ní kí òun tún un ṣe, ó ní, “Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.” Ẹnì kẹta kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ iyán tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò, ó nu ẹnu, ó lọ. Nínú gbogbo wọn, òun ni mo rò pé ó ṣe dáadáa jù.

Àwẹ̀ró kọjú sí ògiri, ó kọ oúnjẹ. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo gbọ́n ẹ̀wù mi kí ó lè mọ̀ pé ẹni ńlá dé.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Omi kó gbogbo wọn, ó fi èmi nìkan sílẹ̀. Kí ni mo wá ṣẹ́kù fún?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn, Àwẹ̀ró.”

“Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo ń bèèrè.”

Mo wúkọ́. Mo wo òrùlé. Ó ní, “Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kò burú. Ẹ ṣáà fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ bá àwọn tèmi.” Ó tún kọjú sí ògiri, mo sì rí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Mo mọ̀ pé bí oúnjẹ kò bá wọ ẹnu yẹn láìpẹ́, a ó tún gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ ọdẹ ń ṣe ìpàdé, ẹmu sì wà níbẹ̀. Bí ẹmu bá ti dé ọ̀fun mi, ẹsẹ̀ mi a máa yá ju orí mi lọ. Mo dìde, mo ní n ó lọ sí Igbó Adákẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdáhùn ń gbé, n ó sì gbé ìdáhùn Àwẹ̀ró wálé bí ẹni gbé ìgalà. Olúọdẹ wa, Ọdẹ́yalé, fi ìwo ẹmu rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìwọ Ọdẹ́dìran? Ìwọ tí a fi ariwo wá rí nínú oko ìyá rẹ lọ́dún èṣí?”

Mo ní, “Mo ń ṣọ́ ẹran níbẹ̀ ni.”

“Ẹran wo? Ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ gbìn síbẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ṣubú. Inú bí mi, mo fa ìbọn mi yọ, mo sì fi ahọ́n kan irin rẹ̀. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ o: ọdẹ tó bá fi ahọ́n kan irin ti bá Ògún sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sí pé mo mu ẹmu yó. Ẹ̀rín dá. Bí ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, mo jáde.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe jẹ àti bí mo ṣe sùn, nítorí ìyẹn, ewúrẹ́ náà ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé inú Igbó Adákẹ́, níbi tí mo ti rí ẹ̀dá kan tó ń rìn lọ níwájú mi, tí ojú rẹ̀ sì ń wò mí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fẹ̀yìn rìn ni. Rárá, ìpàkọ́ rẹ̀ ni wọ́n lẹ ojú mọ́. Bó bá rìn díẹ̀, á fi àyà gbá igi, á sì máa bú igi náà: “Ṣé o ò ríran ni, ìwọ ìrókò yìí? Àgbà ń kọjá, o dúró gbagidi.”

Mo bi í ní orúkọ. Ó ní, “Ẹ̀yìnlójú. Kò sí ibi tí mo ti kúrò tí mi ò mọ̀.”

“Ibo wá lò ń lọ?”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Ìgbà tí mo bá kọjá ibẹ̀ ni n ó rí i.”

Mo sọ ohun tí mo ń wá fún un. Ó ronú, omijé sì ń ṣàn sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó ní òun ti kọjá ìlú kan rí, Ìlú Ìkérora, níbi tí ẹni tó bá jìyà jù ti ń jọba. Bí àwọn yẹn kò bá mọ ohun tí ìyà wà fún, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Jẹ́ ká dá májẹ̀mú. Ìwọ bá mi wo iwájú, èmi á bá ọ wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n títí a ó fi débẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ yin ara rẹ. Mo ti rí ẹnu rẹ, ó ń yún ọ.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fara da ebi rí, mo ti fara da ìjàlọ nínú ṣòkòtò, ṣùgbọ́n májẹ̀mú yẹn le. A fi èjìká kan ara wa, a ń lọ bí akàn. Kò pẹ́ tó fi ní, “Nǹkan dúdú kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní ìwo méjì, inú sì ń bí i.”

Mo ní, “Ó jìnnà?”

Ó ní, “Ó jìnnà rí.”

Bí mo ti rí ara mi lórí igi, mi ò lè sọ fún yín. Ẹfọ̀n náà gbá igi, ó gbá a, ó rẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ẹ̀yìnlójú rọ̀ mọ́ ẹ̀ka kejì. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ẹran náà mọ̀ mí. Bó ṣe rí ojú Apẹranmáwẹ̀yìn ló sá.” Ẹ̀yìnlójú wò mí pẹ̀lú àánú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Májẹ̀mú ti bàjẹ́. Tẹ̀ lé etí rẹ, wàá gbọ́ wọn kí o tó rí wọn.” Ó lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń bú igi títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Ariwo ìlú náà dà bí ti àpọ̀n tí ara rẹ̀ kò yá tó ń lọ ata. Oníbodè wọn ní etí tó tó ewé kókò, ó fi ọ̀kan tẹ́ ilẹ̀ jókòó. Ó ní, “Kí ló ń dùn ọ́?”

Mo na ẹsẹ̀ mi. “Ẹ̀gún gún mi.”

“Ẹ̀gún? Ìyàwó mi ń fi ẹ̀gún họ ara. Wọlé, àwọn tí ń jókòó sílẹ̀ ṣì ní àyè.”

Nínú ìlú yẹn, bí wọ́n bá pàdé, wọn a ní, “Ṣé kò dáa?” Èkejì a ní, “Kò dáa, a dúpẹ́.” Ààfin wọn kún fún àga, ìyà tí èèyàn bá sì jẹ ni wọ́n fi ń wọn gíga àga rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí eyín ń dùn ń bá ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn jà lórí ta ló ga ju ta lọ. Ìjòyè kan wà tí jẹ̀díjẹ̀dí kò jẹ́ kó lè jókòó, kò sì fẹ́ sọ àga rẹ̀ nù, nítorí náà ó lóṣòó sórí rẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Lókè téńté ni Ọba Ajíkérora wà, ó dé adé òkúta, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Wọ́n ní kí n ro ìyà mi. Mo ro ti ẹ̀gún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ro ti ìjàlọ, ìjòyè tó lóṣòó ní ìyẹn kò tó ohun tí à ń fi etí gbọ́. Ojú tì mí. Ṣé kí èmi Ọdẹ́dìran máa jókòó sílẹ̀ níwájú ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí mú? Ni mo bá mú ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró, mo sọ ọ́ bí ẹni pé tèmi ni: èbúté, igbá oúnjẹ, ọkọ̀ tó dojú dé. Ẹni tí eyín ń dùn gbàgbé eyín rẹ̀. Wọ́n gbé mi, wọ́n fi mí sórí àga ní ọwọ́ ọ̀tún ọba, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹ ò rí mi, ẹ pàdánù. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Ọba ní, “Kí lo wá bèèrè, ẹlẹgbẹ́ mi?”

Mo ní, “Kábíyèsí, kí ni mo ṣẹ́kù fún?”

Ó ya ọba lẹ́nu. “Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìyẹn níbí rí. ‘Èmi kọ́ ló yẹ kí ìyà jẹ’ ni gbogbo wa ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa fi àlọ́ kan sílẹ̀ tí ìdáhùn rẹ wà nínú rẹ̀, a ò sì rí i já. Bí o bá já a, máa lọ. Bí o ò bá já a, àga ti mọ ìdí rẹ.”

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé nǹkan ń rìn mí ní itan. Gbòǹgbò ni. Ó ti ara àga jáde, ó ń rán ṣòkòtò mi mọ́ igi bí aránṣọ. Mo wo ẹsẹ̀ àwọn tó kù. Gbogbo wọn ló ti ta gbòǹgbò mọ́ àga wọn, àwọn mìíràn ti ń hu ewé ní orúnkún. Ọba ń pa àlọ́ lọ: “Ẹrù kan wà. Ẹni tó rù ú kò ṣubú. Ẹni tó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.”

Mo ní, “Ìgalà ni. Bí mo bá ru ìgalà wọ̀lú, ẹsẹ̀ mi kì í yẹ̀, nítorí gbogbo ayé ń wò mí.”

“Kì í ṣe ìgalà.”

“Oyè ńkọ́?”

Ìjòyè tó lóṣòó ní, “Oyè kọ́. Mo ru ú, ẹ sì ń wò mí.”

Gbòǹgbò ti dé ìbàdí mi. Ibi tí mo ti ń wo ọ̀tún wo òsì ni mo ti gbọ́ tí àwọn méjì kan ń bú ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan ni, Àńkẹ́, tí kò ríran, àti ọkọ rẹ̀, Ajàní, tí kò ní ọwọ́ méjèèjì. Ogun ló jó ilé wọn, ogun ló kó ọmọ wọn, ogun náà ló gba ojú ìyàwó tó sì gba ọwọ́ ọkọ. Wọ́n ti ṣe àga méjì fún wọn, ó ga ju ti ọba lọ. Eruku ti bo àga náà. Àńkẹ́ ń fi iṣu sí Ajàní lẹ́nu.

“Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, Àńkẹ́. Imú mi lo ń fún níṣu.”

“Imú rẹ ló yọjú sí i. Ya ẹnu.”

“Mo ti yà á láti àná.”

“Ẹni tí kò lọ́wọ́, tó wá lẹ́nu tó báyìí.”

“Òkúta wà níwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ. Bó bá wù ọ́, kọsẹ̀. Mo ti sọ tèmi.”

Mo pariwo sí wọn pé, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò jókòó? Àga yín nìyẹn lókè.”

Àńkẹ́ ní, “Kí n jókòó kẹ̀? Ta ni yóò fún òmùgọ̀ yìí lóúnjẹ? Ó ń jẹun bí iná.”

Ajàní ní, “Bí èmi náà bá jókòó, kí oòrùn tó mú, á ti rìn wọ kànga, wọn á sì ní èmi ni mo fọwọ́ tì í.”

Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Ó le gírígírí bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀, kò sí gbòǹgbò kan lára rẹ̀. Bí mo ṣe já àlọ́ náà nìyẹn. Èmi ni mo já a. Àńkẹ́ kàn sọ ìdáhùn rẹ̀ ni. Mo ké pé, “Kábíyèsí, ẹlòmíràn ni ẹrù náà! Ẹni tó bá ní ẹni tí ó ń gbé kì í ráyè ṣubú.”

Ọba wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi ń gbé adé, ó wo àga rẹ̀ gíga, mo sì rí i pé ó ti yé e, kò sì fẹ́ kó yé ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n mú mi. Gbogbo ìjòyè pariwo “Ẹ mú un,” kò sì sí ẹnì kan tó lè dìde. Mo fa okùn ìdí ṣòkòtò mi tú, mo fi ṣòkòtò náà sílẹ̀ fún àga, mo sì fò jáde pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń bo ohun tó yẹ kó bò. Oníbodè ní, “Kí ló ń dùn ọ́ báyìí?” Mo ní, “Atẹ́gùn.”

Mo rìn títí mo fi dé oríta ẹ̀yìn ìlú wa, nírọ̀lẹ́. Mo gbọ́ ìrèmọ̀jé, orin arò àwa ọdẹ. Ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, a máa ń ṣe ìṣípà fún un: a ó gbẹ́ ère, a ó wọ aṣọ rẹ̀ fún un, a ó gbé e dé ẹnu igbó pẹ̀lú àwọn ohun èlò rẹ̀, a ó sì fi ìrèmọ̀jé sin ín. Àánú òkú náà ṣe mí, títí mo fi yọjú láti inú igbó, tí mo sì rí i pé ère náà wọ ṣòkòtò òfì mi, èyí tí mi ò tíì wọ̀ ju ọjọ́ ọdún lọ.

Mo fẹ́ bọ́ síta. Ìdí mi wà níta ṣáájú mi. Ọdẹ tó bá wá síbi ìṣípà ara rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ló tún kù fún un láti sọ láyé? Mo bá lúgọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó tún wù mí kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yìn mí. Ọdẹ́yalé gbé ohùn sókè, ó ní:

“Ọdẹ́dìran, ọkọ ahun,
Ó yìnbọn sí ẹtù, ewúrẹ́ Baálẹ̀ ló kú.
Ó wọ igbó lọ lónìí, igbó rẹ́rìn-ín;
Ó ti igbó bọ̀ lọ́la, ọbẹ̀ sunkún.”

Mo dúró de ibi tí ìyìn máa ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Mo fi àyà wọ́ dé ẹ̀yìn ère náà, mo na ọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣòkòtò mi. Ère gbọ̀n. Ère jó. Ọdẹ́yalé, tó ti kọ ọ́ lórin pé òun kò bẹ̀rù ẹkùn, pé òun kò bẹ̀rù òkú, ju ìbọn sílẹ̀, ó sì sá gba ọ̀nà ìlú lọ. Àwọn tó kù tẹ̀ lé olórí wọn, bí ó ti yẹ kí ẹgbẹ́ máa ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró. Àwẹ̀ró ni, ó ń ti oko bọ̀, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀.

“Ta ló ń bọ́ ṣòkòtò ère?”

“Èmi ni.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún wọn pé ẹ ò kú. Mo wá tú ìṣípà wọn ká ni, ẹ ti bá mi ṣe é.” Ó wò mí. “Ẹ wọ̀ ọ́ sódì.”

Mo tún un wọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ẹran ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, mo dúró bí ọba, mo sì fún un ní ìdáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ẹ̀yìnlójú, ẹfọ̀n, àga, àlọ́, ẹrù tí a kì í sọ kalẹ̀. Ó ń yọ èèmọ́ kúrò ní irun mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, “Ìyẹn dára.”

“Ó dára? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun. Ó dára gan-an.”

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ní, “Àìrí mi ló gbé ọ dìde. Àníyàn mi lo fi ṣe ẹrù.”

Ó ní, “Rárá o. Mo ti wà lórí ìdúró kí ẹnikẹ́ni tó máa ṣàníyàn yín. Ajá yín ni. Ẹ so ó mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ń ké. Mo ní kí n bu omi fún un kí n tó padà dùbúlẹ̀. Ó mu omi tán, ebi ń pa á. Mo wá oúnjẹ fún un, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ọmú mu, mo gbé e. Mo ṣì ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ń rokà, mo máa ń sunkún. Ṣùgbọ́n ajá ò mọ̀ pé mo ń ṣọ̀fọ̀.”

Mo bi í pé ọjọ́ wo nìyẹn.

“Ọjọ́ tí ẹ jáde gan-an. Oòrùn ò tíì kan àtàrí.”

Bí oòrùn kò bá tíì kan àtàrí lọ́jọ́ náà, mo ṣì wà nínú oko àkùrọ̀ wa, mo ń sinmi lábẹ́ igi ọsàn.